Ètò Honors ní Yunifásítì Amẹ́ríkà: Èrè Wo Ló Wà Níbẹ̀, Ta Ló sì Ń Jẹ Ẹ́?

Nígbà tí yunifásítì ìjọba ńlá kan ní Amẹ́ríkà bá kọ lẹ́tà ìgbaniwọlé sí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa, lẹ́tà kejì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ti àkọ́kọ́ sọ pé ọmọ ti wọlé. Ìkejì ń pè é wá sínú agbo kékeré kan láàárín ọgbà kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ètò honors. Wọ́n ṣèlérí kíláàsì tí èrò kò pọ̀ nínú rẹ̀, họ́sítẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀, olùdámọ̀ràn tó mọ akẹ́kọ̀ọ́ lórúkọ, àti owó ìrànwọ́ nígbà mìíràn. Wọ́n tún là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ á pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, pé GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ kọjá ibì kan, àti pé á kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ gígùn kó tó gboyè.

Bí 1,500 ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ní irú ètò yìí lónìí, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì títí dé yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lé ní 100,000. Ẹgbẹ́ kan wà tó kó wọn jọ, National Collegiate Honors Council, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ló ń fún wọn, kì í ṣe àṣẹ. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kan ń pè ní honors lè jẹ́ ọdún mẹ́rin láìsanwó ilé ìwé. Níbòmíràn, ó lè má ju kọ́ọ̀sì mélòó kan àti ìlà kan lórí ìwé èsì lọ. Níbi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òbí Yorùbá tó wà ní Houston, Maryland tàbí Brooklyn lè kọ́kọ́ ṣì í gbọ́. Ní Nàìjíríà, honours wà lórí ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni tó bá gboyè kọjá Pass lásán. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ ni, láti ọdún kìíní lọ́pọ̀ ìgbà. Ó sì yàtọ̀ sí cum laude, èyí tí wọ́n ń fi kún oyè ẹni tí GPA rẹ̀ bá ga ní ìparí, yálà ó wà nínú ètò honors tàbí kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó sọ pé ìjìnlẹ̀ ìmọ̀ ni èrè rẹ̀

Èrò yìí ló dàgbà jù, orúkọ tó sì so mọ́ ọn jù ni ti Frank Aydelotte. Ọmọ ìpínlẹ̀ Indiana ni, ó kàwé ní Oxford gẹ́gẹ́ bíi Rhodes Scholar, ó sì di ọ̀gá àgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore, lẹ́bàá Philadelphia, ní 1921. Ẹ̀sùn tó fi kan ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni pé ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n ń mú kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi rìn, tí ẹni tó yára á máa dúró de ẹni tó ń falẹ̀. Ní 1922, ó dá ètò kan sílẹ̀ tó yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dáńtọ́ kúrò nínú kíláàsì ojoojúmọ́ fún ọdún méjì tó gbẹ̀yìn. Sẹ́mínà ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ìdánwò kọ́ọ̀sì rárá, àfi ní ìparí, nígbà tí àwọn olùdánwò láti yunifásítì mìíràn bá wá yẹ̀ wọ́n wò.

Swarthmore ṣì ń ṣe é títí dòní, ó sì yẹ ká wò ó fínnífínní. Apá mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń múra lé lórí, mẹ́ta nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an, ọ̀kan láti ẹ̀ka kejì. Bí ènìyàn mẹ́jọ ló ń jókòó sí sẹ́mínà kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí iṣẹ́ kàn ti fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí àwọn yòókù ṣáájú, orí rẹ̀ ni wọ́n á sì dúró lé jiyàn. Nígbà tí ọdún kẹrin bá ń parí lọ, àwọn olùdánwò á dé. Wọn kò kọ́ ọmọ náà rí, wọn kò sì mọ ẹni tó jẹ́. Á kọ ìdánwò tiwọn, lẹ́yìn náà á lọ jókòó níwájú olùdánwò, wọ́n á fẹnu bi í léèrè, òun náà á fẹnu dáhùn. Àwọn àlejò yìí ló ń pinnu bóyá Honors, High Honors tàbí Highest Honors ló tọ́ sí i. Olùkọ́ tó tọ́ ọ sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lóhùn sí i, ìyẹn ló sì mú kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà níhà kan náà: àwọn méjèèjì ni àlejò ń bọ̀ wá dán wò.

Ẹni tó bá mọ yunifásítì Nàìjíríà á rí i pé ètò olùdánwò láti ìta kì í ṣe àjèjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Swarthmore àti Nàìjíríà ti mú un. University College ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ Yunifásítì London, oyè London ló sì kọ́kọ́ ń fúnni. Ohun tí Nàìjíríà sọ di ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni Amẹ́ríkà sọ di ti àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣà.

Láti Swarthmore, èrò náà ràn. Yunifásítì Texas ní Austin bẹ̀rẹ̀ Plan II ní 1935. Michigan State dá kọ́lẹ́ẹ̀jì honors tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1956. Ní 1957, ọdún kan náà tí Soviet Union fi Sputnik ránṣẹ́ sójú ọ̀run tí ìdààmú sì bá Amẹ́ríkà pé àwọn ti fà sẹ́yìn, Joseph Cohen ti Yunifásítì Colorado kó àwọn yunifásítì jọ láti tan ètò náà kálẹ̀. Ti Oregon tẹ̀ lé e ní 1960.

Agbára èrò yìí ni pé ó dárúkọ ohun tó fẹ́ ṣe gan-an: kíláàsì kékeré, ìwé kíkọ lọ́pọ̀lọpọ̀, àríyànjiyàn, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ á gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn tó mọ̀ ju ú lọ. Àìlera rẹ̀ wà nínú owó. Bí 1,600 akẹ́kọ̀ọ́ ló wà ní Swarthmore, owó tó sì fi pamọ́ fún ẹ̀kọ́ lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó ní 40,000 akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni àdéhùn honors: akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú kíláàsì gbogboogbò, ó sì bá olùkọ́ ṣàdéhùn iṣẹ́ àfikún kan kí kọ́ọ̀sì náà lè di ti honors. Olùkọ́ tó ní ìfẹ́ sí i á sọ ọ́ di ìwádìí gidi. Ẹni tí iṣẹ́ ti bò mọ́lẹ̀ á ní kí ọmọ náà fi ojú ewé mẹ́wàá kún èyí tó ti kọ. Orúkọ kan náà ni méjèèjì máa jẹ́ lórí ìwé èsì.

Àwọn tó rí i bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré nínú yunifásítì ńlá

Láti ìparí àwọn ọdún 1980, ohùn mìíràn borí. Àwọn wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ Oxford mọ́. Ọ̀rọ̀ owó àti àyè ni wọ́n ń sọ. Àròyé wọn rọrùn: iye owó tí yunifásítì aládàáni tó lórúkọ ń gbà, tí a bá ka ilé àti oúnjẹ mọ́ ọn, ti kọjá 80,000 dọ́là lọ́dún, nígbà tí ọmọ onílùú ń san díẹ̀ nínú ìyẹn ní yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀. Bí yunifásítì ìpínlẹ̀ bá lè kọ́ agbo kan tó dà bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni sínú ọgbà rẹ̀, kí ni ọmọ ń wá lọ síbòmíràn?

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ni Barrett, kọ́lẹ́ẹ̀jì honors ti Arizona State, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Wọ́n fi orúkọ Craig Barrett, tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ Intel nígbà náà, àti Barbara ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ta á lọ́rẹ mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ní 2000. Ní 2009, ó ṣí ọgbà tirẹ̀ ní Tempe, pẹ̀lú họ́sítẹ́ẹ̀lì, kíláàsì àti ilé oúnjẹ lójú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé láti ọdún kìíní gbọ́dọ̀ ṣe yúníìtì honors 36, títí kan kọ́ọ̀sì The Human Event àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Ní Penn State, ìdílé Schreyer fi mílíọ̀nù 30 dọ́là sọ ètò kékeré kan di Schreyer Honors College ní 1997. New York ló lọ jìnnà jù nínú ọ̀rọ̀ owó: Macaulay Honors College ti CUNY, yunifásítì ìjọba ìlú New York, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ń gbé owó ilé ìwé fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n tún ń fún un ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, sẹ́mínà rẹ̀ sì dá lórí ìlú New York fúnra rẹ̀, títí kan ìtàn àwọn tó ṣí wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá tààrà láti Èkó kò sí nínú àwọn tí ẹ̀bùn owó ilé ìwé yìí wà fún. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Bronx pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Àǹfààní kan wà tí àwòrán rẹ̀ kì í hàn nínú ìwé ìpolówó bíi ti họ́sítẹ́ẹ̀lì aláràbarà, tó sì ṣe é ṣe kó níye lórí jù ú lọ: àǹfààní láti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì. Ní yunifásítì ńlá, ìforúkọsílẹ̀ ń ṣí ní ìpele ìpele. Àwọn ọlọ́dún kẹrin kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́dún kẹta, bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tó bá fi máa kan ọlọ́dún kìíní, láàbù kẹ́mísírì tí àyè rẹ̀ kò ju 24 lọ ti kún, èyí tó kù sì bọ́ sí wákàtí kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì mìíràn tó jẹ́ dandan. Ọmọ tí kò rí i ṣe á dúró di sáà tó ń bọ̀. Kọ́ọ̀sì tó yẹ kó tẹ̀ lé e náà á sún síwájú. Ọdún mẹ́rin lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa gùn, owó ilé ìwé sì ń gun orí owó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ honors máa ń forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà, tàbí ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni, kò ní ẹwà, ṣùgbọ́n ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú èrò yìí ni pé ọjà ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Bridget Terry Long, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Harvard, kọ ìwádìí kan ní 2002 tó fi ètò honors hàn bí ohun èlò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi ń du àwọn ọmọ tó dáńtọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Máàkì ìdánwò àwọn ọmọ yẹn ń gbé orúkọ yunifásítì ga. Kò sí aburú nínú kí olùtajà polówó ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìpolówó ni. Àwọn kan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì honors, Barrett wà lára wọn, tún ń gba owó honors lọ́tọ̀ lórí owó ilé ìwé. Bí a bá sì yọ họ́sítẹ́ẹ̀lì àti sẹ́mínà ọdún kìíní kúrò, púpọ̀ nínú kọ́ọ̀sì tí ọmọ náà máa ṣe ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, inú kíláàsì kan náà pẹ̀lú gbogbo ayé ló ti máa ṣe é.

Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú: àwọn oníyèméjì

Ibí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù. Àwọn yunifásítì fẹ́ràn láti kéde pé àwọn ọmọ honors àwọn ń parí ẹ̀kọ́ lásìkò ju àwọn yòókù lọ, pé GPA wọn ga, pé wọ́n ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti òfin. Òótọ́ lè ni gbogbo rẹ̀. Èsì àwọn oníyèméjì kúrú: ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Yunifásítì lọ ṣa àwọn tó mọ̀wé jù, ó wá ń yangàn pé wọ́n mọ̀wé.

Ìwádìí tó fún àwọn oníyèméjì lágbára jù kò tilẹ̀ dá lórí honors. Stacy Dale àti Alan Krueger tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002. Dípò kí wọ́n fi ọmọ tó lọ yunifásítì olórúkọ wé ẹni tí kò lọ, wọ́n wo àwọn tí irú ilé ẹ̀kọ́ kan náà gbà wọlé, tí àwọn kan sì lọ síbòmíràn tí kò lórúkọ tó bẹ́ẹ̀. Owó oṣù wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́, ó yàtọ̀: lílọ sí ilé ẹ̀kọ́ olórúkọ mú èrè wá fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìyẹn wá sí ọ̀rọ̀ honors á bèèrè pé: ta ni kò ní ẹlòmíràn tó máa ṣílẹ̀kùn fún un?

Lórí honors gan-an, ẹ̀rí kò fohùn ṣọ̀kan. Frank Shushok tọpa akẹ́kọ̀ọ́ honors 172 ní yunifásítì kan láti 2000 sí 2004, ó sì fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n jọ dọ́gba lẹ́bùn tí wọn kò sí nínú ètò náà. Ní ọdún kìíní, àwọn ọmọ honors ṣíwájú. Nígbà tó fi di ọdún kẹrin, ìyàtọ̀ nínú máàkì àti nínú iye àwọn tó kù sílé ìwé ti parẹ́. Ohun tí kò parẹ́ ni pé wọ́n máa ń lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe láyé. Bí èyí bá jẹ́ èrè tó ṣe gbòógì, àjọṣe ló ń fúnni ju máàkì lọ, olùkọ́ tó bá sì mọ ọmọ dáadáa ni ọmọ máa ń bá gba lẹ́tà ìjẹ́rìí tó nítumọ̀.

Tricia Seifert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí òmíràn ní 2007. Ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin 18 ni wọ́n wò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ro òye tí àwọn ọmọ gbé wá láti ilé mọ́ ọn, wọ́n ṣì rí i pé àwọn tó wà nínú honors ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìṣirò àti nínú ríronú jinlẹ̀. Èrè náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó wà. Ó tún hàn pé ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n bá pàdé nínú kíláàsì sàn ju ti àwọn yòókù lọ.

John Cosgrove ló mú ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo òbí bèèrè wá. Ní 2004, ó wo yunifásítì mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tó parí ètò honors, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí, àti àwọn tí wọ́n lẹ́bùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò wọ̀ ọ́ rárá. Àwọn tó parí ló ta yọ. Àwọn tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà kò sàn ju àwọn tí kò wọ̀ ọ́ lọ. Oníyèméjì á sọ pé ẹni tó parí ti ní ìforítì tẹ́lẹ̀. Alátìlẹyìn á sọ pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní ìparí ni èrè gbogbo wà. Ìwádìí náà kò lè báni ya àwọn méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ìdáhùn jù wà lẹ́bàá Baltimore, ní yunifásítì UMBC. Ètò Meyerhoff Scholars, tí Freeman Hrabowski àti Robert Meyerhoff dá sílẹ̀ ní 1988 láti mú kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí i nínú sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe ètò honors ní tààràtà, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ jọra: owó, agbo kékeré, olùdámọ̀ràn, iṣẹ́ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí pé àwọn kan máa ń kọ ìpè náà tí wọ́n sì lọ síbòmíràn, àwọn olùwádìí rí ẹni tí wọ́n lè fi wé. Ó ṣe é ṣe fún àwọn tó gbà á ní bí ìlọ́po márùn-ún ju àwọn tó kọ̀ ọ́ lọ láti tẹ̀ síwájú sí PhD nínú sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kizzmekia Corbett, tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, jáde láti inú rẹ̀. Síbẹ̀, Meyerhoff ní ohun tí ọ̀pọ̀ honors kò ní: ẹ̀kọ́ ìgbaradì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣáájú ọdún kìíní, ìkàwé ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́ tó jẹ́ dandan, àti ìtọ́jú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti mọ̀lẹ́bí. Ẹni tó bá fi èsì rẹ̀ polówó kọ́lẹ́ẹ̀jì honors tirẹ̀ ń fi aṣọ ẹlòmíràn ṣe fújà.

Ta ni ilẹ̀kùn ṣí fún?

Àwọn alárìíwísí kan kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá èrè wà. Ẹni tó ń rí i jẹ ló ń dùn wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdánwò ìgbaniwọlé SAT àti ACT pẹ̀lú GPA ilé ìwé girama ni ètò honors fi ń ṣa ọmọ. Ẹni tó bá mọ Amẹ́ríkà mọ̀ pé máàkì SAT ń bá owó òbí rìn, àti pé ilé ìwé girama tó wà ní àdúgbò olówó ló ní kọ́ọ̀sì AP, èyí tó ga bíi ti yunifásítì, lóríṣiríṣi. Àbájáde rẹ̀ ni pé nínú yunifásítì tó jẹ́ ti gbogbo ará ìpínlẹ̀, ibi tí owó àti àyè pọ̀ sí jù wá di ti àwọn tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Rutgers ní Newark gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 2015. Wọ́n dá Honors Living-Learning Community sílẹ̀, wọn kò fi SAT ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n ń pe àwọn olùbéèrè jọ láti wo bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn yanjú ìṣòro, wọ́n sì ń gba ọmọ Newark àti àwọn tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì wá. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé ibi tí ẹ̀bùn wà gan-an ni wọ́n ti lọ wá a. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn bèèrè pé kí ló wá kù tó jẹ́ honors nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ Harvard, tí wọ́n sì sọ pé yunifásítì kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà ṣe òṣùwọ̀n ìgbaniwọlé mọ́, ìjiyàn yìí ti le sí i.

Ẹ̀dùn ọkàn kejì wà tí àwọn olùkọ́ máa ń sọ ju òbí lọ. Bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kúrò nínú kíláàsì gbogboogbò, tí wọ́n sì fi àwọn olùkọ́ tó dáńgájíá tì wọ́n, kí ló kù fún àwọn yòókù? Àwọn alátìlẹyìn ń dáhùn pé kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán wò nínú honors máa ń bọ́ sí kíláàsì gbogboogbò lẹ́yìn ọ̀la. Ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ díìnì àti àpò owó rẹ̀.

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn tó wà níhìn-ín ń ṣírò. Ọmọ tó fẹ́ di dókítà mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn á wo GPA àti èsì ìdánwò ìgbaniwọlé MCAT. Ìṣirò ti honors lè fún un ní B níbi tí ti gbogboogbò ì bá ti fún un ní A, kò sì sí àmì lára B náà tó máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọmọ honors ní Schreyer gbọ́dọ̀ di GPA 3.4 mú. Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, níbi tí kọ́ọ̀sì dandan ti kún tábìlì, ibi tí wọ́n máa ki sẹ́mínà àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ sí kò rọrùn láti rí.

Herbert Marsh, onímọ̀ nípa ọkàn, ti kọ̀wé láti àwọn ọdún 1980 pé ọmọ tó jẹ́ àkọ́kọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fojú kéré ara rẹ̀ tí wọ́n bá kó o sáàárín àwọn tó mọ̀wé bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Anne Rinn wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ honors ní yunifásítì, ó rí i pé ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn nínú ẹ̀kọ́ ga ju ti àwọn tí wọ́n jọ lẹ́bùn tí wọn kò sí nínú ètò náà. Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ náà ń gbé ọmọ ró tó bí ìdíje ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ibi ààbò fún ìwé àtijọ́

Àwọn kan wà tí wọn kò bìkítà fún owó oṣù. Lójú wọn, ètò honors ni ibi tó ṣẹ́kù ní yunifásítì Amẹ́ríkà tí ọmọ tó fẹ́ di ẹnjiníà á ti ka Plato àti Homer. Kọ́ọ̀sì The Human Situation ní Yunifásítì Houston, ìlú tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí gidigidi, jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀: ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló jọ ń kọ́ ọ, láti ìgbà Gíríìkì títí dé òde òní. Èrò náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ranlẹ̀. Yunifásítì Tulsa gbé Jennifer Frey wá ní 2023 gẹ́gẹ́ bíi díìnì kọ́lẹ́ẹ̀jì honors tuntun tó dá lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ti pa ipò díìnì náà rẹ́. Ní Florida, New College, tí òfin ti sọ di kọ́lẹ́ẹ̀jì honors ìpínlẹ̀ náà ní 2001, di pápá ogun òṣèlú ní 2023 nígbà tí gómìnà Ron DeSantis yan àwọn tuntun sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ohun tí wọ́n ń fi honors wé. Bí ìyàn bá wà láàárín honors ní yunifásítì ńlá àti kíláàsì gbogboogbò ní yunifásítì kan náà, òṣùwọ̀n tẹ̀ síhà honors, pàápàá tí owó bá bá a wá. Bí ó bá jẹ́ láàárín honors ní ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kékeré, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ohun tí àwọn kan ń ṣà fúnni níhìn-ín ni gbogbo ènìyàn ń jẹ lọ́hùn-ún. Ìwádìí tó wà kò sábà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Èkejì ni ti agbanisíṣẹ́. Kò hàn gbangba pé ilé iṣẹ́ tó ń wo ìwé ẹ̀rí mọ ìyàtọ̀ láàárín ètò honors kan àti òmíràn, níwọ̀n bí kò ti sí òṣùwọ̀n kan tó dè wọ́n pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní PhD mọ̀ ọ́n, torí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ náà wà nílẹ̀ fún wọn láti kà.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù. Ọ̀nà tó mọ́ jù láti mọ ohun tí ètò honors ń fi kún ọmọ ni pé kí yunifásítì tí àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ ṣẹ́ kèké láàárín wọn, kó sì tọpa àwọn tó wọlé àti àwọn tí kò wọlé fún ọdún mẹ́wàá. Ọwọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì honors fúnra wọn ni èyí wà, àwọn náà sì ni wọ́n ní ohun tó pọ̀ jù láti pàdánù bí èsì kò bá gbè wọ́n.